Ọ́ìlì Tó Ki Nínú Mọ́tò Ìjàpá

Ní ọdún tí a kó dé Ìgàndó, ohun méjì ni ọkọ mi fẹ́ràn jù láyé: ọmọ wa obìnrin tí kò tíì pé ọdún méjì, àti mọ́tò ìjàpá kan tó ti gbó kó tó bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ká ní ẹ bi mí nígbà yẹn pé èwo ló fẹ́ràn jù nínú méjèèjì, mi ò ní lè fi gbogbo ẹnu dáhùn.

Ìjàpá kì í lo omi bíi mọ́tò mìíràn. Ọ́ìlì inú rẹ̀ náà ló ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, torí náà bí ọ́ìlì bá ti lòdì, wàhálà dé. Tiwa ń mu ọ́ìlì, ó sì ń rú èéfín débi pé bí a bá ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà á ti fọwọ́ bo imú. Ojú ń ti ọkọ mi gan-an. Mẹkáníìkì wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ṣẹ́ẹ̀dì lọ́nà Ìkọ̀tún, ní kó máa lo ọ́ìlì fọ́tì tí gbogbo ènìyàn ń lò, kó fara da èéfín. Mẹkáníìkì mìíràn ní Òkè-Odò ní fífítì ni kó lò, èyí tó ki, pé inú mọ́tò àgbà ti fẹ̀, ọ́ìlì tó ki ló máa dí àlàfo ibẹ̀. Ọkọ mi bi àwọn ará ọ́fíìsì, ó bi alàgbà ìjọ, ó bi bàbá onílé wa tí kò ní kẹ̀kẹ́ pàápàá. Kò wádìí tó bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ́ mi. Níkẹyìn, ó ra fífítì.

Èéfín dínkù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ki yìí á sùn sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́jú, tó bá sì di àárọ̀, yóò pẹ́ kó tó gòkè. Nígbà tí mẹkáníìkì wa gbọ́, ó mi orí.

“Ọ̀gá, ẹ ti rà á, ẹ ti rà á. Àmọ́ iná pupa ọ́ìlì tó wà níwájú yín yẹn gbọ́dọ̀ kú kí ẹ tó gbéra láàárọ̀ o. Tí ẹ bá gbéra kí ọ́ìlì tó gòkè, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Ibi tó bá kú sí náà ni ẹ máa fi í sílẹ̀ sí.”

Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ mi á jókòó sínú mọ́tò láràárọ̀, á tẹjú mọ́ iná. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ojú fèrèsé pé ṣé ó ń gbàdúrà ni. Nígbà ọyẹ́, tí òtútù ń mú ọ́ìlì ki sí i, ìjókòó náà máa ń gùn sí i.

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni gìrì gbé ọmọ wa. Ara rẹ̀ ti gbóná láti ìrọ̀lẹ́, mo fún un lóògùn, ó rọlẹ̀, mo sì sùn. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Ó le gbagidi, ojú rẹ̀ yí sókè, eyín rẹ̀ pa dé, apá rẹ̀ ń já pátipàti. Mi ò mọ ìgbà tí mo figbe ta. Ìyá onílé sáré wọlé, ó fi aṣọ tútù nù ún lára, ó ní, “Ẹ gbé e lọ sí họsipítù, ẹ má dúró o!” Ègbẹ́dá ni ibi tí a ti lè rí dókítà ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ wà. Kò tíì sí ọkọ̀ kankan lójú títì. Àfi ìjàpá.

Èmi àti ọmọ bọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn, ọkọ mi yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Kò gbéra.

“Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ!”

“Ó kù díẹ̀.”

“Kí ló kù díẹ̀?”

“Iná ò tíì kú.”

Mo wo iná náà. Kò ju èékánná lọ. Mi ò tíì bẹ̀rù nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tíì kórìíra nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Ìfófó ti ń yọ lẹ́nu ọmọ mi. Èmi tí kì í fojú di ọkọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ìwọ. “Wa mọ́tò yìí! Ọmọ mi ń kú lọ, ọ́ìlì lo ń wò?”

Kò bojú wẹ̀yìn. “Igbó ni gbogbo ọ̀nà láti ibí dé Ìṣẹ̀rí,” ó ní. “Tó bá nọ́ọ̀kì síbẹ̀, ta ni yóò gbé wa? Ta ni?”

Mo lù ú léjìká. Mo ní mọ́tò ló fẹ́, kì í ṣe ọmọ. Ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí mọ́tò ń dún kò-kò-kò lẹ́yìn wa, ìró gbígbẹ. Ìró náà wá rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Iná náà ṣẹ́jú, ó tún tàn, ó kú. Ọkọ mi fọwọ́ sí jíà, jíà kọ̀, ó tún gbìyànjú, mo wá rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí kúlọ́ọ̀ṣì. Mo ti rò pé ẹ̀rù ò bà á. Ẹ̀rù tó ń bà á ju tèmi lọ, nítorí èmi rí ẹni tí mo ń pariwo mọ́.

Nínú igbó Ìṣẹ̀rí, ara ọmọ náà rọ̀ jọ̀bọ̀, èyí sì burú ju líle lọ. Mo ń pè é, kò dáhùn. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo iná, mo tún wo ojú rẹ̀. Jésù, ẹ má jẹ́ kó tàn. Mo gbàdúrà yìí tọkàntọkàn, lórí iná mọ́tò.

Bí a ṣe ń rí òrùlé Ìṣẹ̀rí lọ́ọ̀ọ́kán, ọmọ náà wúkọ́, ó ké. Ohùn tín-ín-rín báyìí. Ọkọ mi dúró sáàárín títì, ó gbé orí lé sítíárìn, ó bú sẹ́kún. Ọwọ́ rẹ̀ ń táràrà lọ sídìí kọ́kọ́rọ́. Mo di ọwọ́ náà mú.

“Ẹ má pa á,” mo ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á.”

A dé Ègbẹ́dá. Nígbà tí dókítà ń gún ọmọ wa lábẹ́rẹ́, tí àwa méjèèjì dúró tì í, mo ń gbọ́ ìró ìjàpá náà láti ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Kò sí ẹni tó láyà láti lọ pa á nínú wa.