Ìgò Tí Ìyá Yá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí onígbáméjì wọ Àfò, tíṣà kékeré ni mí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́sẹ̀ yẹn kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì: mò ń kọ orúkọ ènìyàn sára ìgò ìgbẹ́. Ẹ má yínmú.

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù ló ti Ọ̀wọ̀ gbé maikirosikóòpù wá. Ó gbé e ka orí tábìlì mi, ó kọjú dígí rẹ̀ sí oòrùn torí pé kò sí iná. Kí o tó te ẹ̀bà tán, ó ti sọ bóyá kòkòrò wà nínú ìgò. Ó ní kí n kọ 'ó wà' tàbí 'kò sí', àti omi tí oníkálukú ń mu, sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kí n sì da ìwé náà kọ fún àwọn ará Ìdóàní, kí wọ́n lè múra sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà. Ìyá ni mò ń pè wọ́n. Wọ́n ti ń kéde kiri pé ilé ọ̀bùn ni onígbáméjì ń yà. Nígbà tó kàn wọ́n, wọ́n gbé ìgò tiwọn wá bí ẹni gbé oúnjẹ ọba.

"Kò sí kòkòrò níbẹ̀," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí n kò sọ?" Ìyá bá bọ́ sílé.

Lọ́sàn-án, ọmọbìnrin náà ń fi ìka tọ ìwé mi. "Tíṣà, gbogbo ẹni tó ń mu omi odò ló ní kòkòrò, àfi Ìyá yín. Ṣé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀wà ni?"

"Ìyá kẹ̀? Ẹ̀wà kì í bá wọn lára mu rárá."

"Èèpo ẹ̀wà ló kún ìgò wọn."

A sáré.

Orí ẹní la ti bá Ìyá, ojú wọn ti jìn wọnú. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń ṣunú, tí wọ́n ń fi pamọ́. Ọmọbìnrin náà fi ìka méjì fa awọ ọwọ́ wọn sókè. Awọ náà dúró síbẹ̀, kò padà. Omi ti gbẹ lára wọn.

"Ìyá, ta ló ni ìgò?"

"Ìyàwó ló yá mi."

Orogún wọn kékeré, tó ń mu omi kànga ní tirẹ̀, bojú. "Wọ́n ní tiwọn kọ̀, kò jáde ni!"

Ọmọbìnrin yẹn kò bínú. Ó fa omi sí Ìyá lára, ó po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tó ti hó, mo ń fi ṣíbí bù ú sí wọn lẹ́nu. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó tọ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ nítorí ìtọ̀. Mo ti rí ọlọ́gbọ́n púpọ̀ láyé, ṣùgbọ́n ẹni tó fi èèpo ẹ̀wà gba ẹ̀mí là, òun nìkan ni mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ Ìdóàní ń fọn fèrè, ó ń dúró de ìwé. Ìyá ní kí n mú ìwé náà wá síwájú àwọn.

"Pa 'kò sí' yẹn rẹ́. Odò yẹn ló ń ṣàn lọ sápá ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá rí i pé mò ń mu ún, tí nǹkan kan ò ṣe mí, wọ́n á máa mu ún lọ. Kọ 'ó wà'."

Mo pa á rẹ́, mo kọ ọ́.

Ìyá yọjú wo ìwé náà. "Ó tó. Ṣé o ní láti kọ ọ́ gàdàgbà báyẹn ni?"