Ẹ̀bà Tí Mo Jẹ Nílé Ìyá Sàúdátù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí ìwé tí mò ń kọ yìí. Ó ti rẹ̀ mí o! Kì í sì í ṣe ara nìkan ló rẹ̀ mí.

Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mò ń ṣe, Ìbàfò ni mò ń gbé. Ìwé náà dá lórí bí oko ìrẹsì abúlé kan lápá Ọ̀fàdà ṣe di èsítéètì. (Mo ti pààrọ̀ orúkọ gbogbo wọn, ẹ má wulẹ̀ wá wọn kiri.) Ta ló ta ilẹ̀ náà? Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní olóògbé Bàbá Múfú ni. Nítorí ẹ̀, Múfú ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Ifọ̀, kò lè wọ abúlé bàbá rẹ̀ mọ́. Òun ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun wádìí òótọ́.

Ẹnì kan péré ni mo gbọ́ pé ó kù tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀: Ìyá Sàúdátù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n olóògbé. Mo wá ń pààrà ọ̀dọ̀ wọn. Láti Ìbàfò dé Mówè, kí n tún gun ọ̀kadà wọ inú eruku. Ẹ̀yìn ríro!

Bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí wọn tán, oúnjẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé wá. Màá ní mo ti yó. Irọ́ ni o! Wọ́n ti kọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ pé a kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí à ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ìyá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹyẹ tó ń jẹ ìrẹsì. Bí mo bá dárúkọ ilẹ̀, wọn ò rántí mọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ebi pa mí débi pé ojú mi ń ṣú. Mo jẹ ẹ̀bà náà tán, mo tún pọ́nwọ́ lá!

Ìyá tẹjú mọ́ mi. Wọ́n ní, "Háà, o jẹ oúnjẹ mi lónìí. Mo ṣe bí o rò pé mo lè fi nǹkan sí i ni."

Àṣé ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn! Ta ló máa sọ inú rẹ̀ fún ẹni tí kò lè jẹun nílé rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ wá ń tú jáde. Bàbá Múfú kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n dárúkọ ẹni tó ta ilẹ̀ náà gan-an, omijé sì ń bọ́ lójú wọn. Ẹ má bi mí o, mi ò ní sọ. Mo yára fa fóònù yọ kí n fi gba ohùn wọn sílẹ̀, ni wọ́n bá di ọwọ́ mi mú.

"Rárá o, ọmọ mi. Ẹni tó jẹun nílé mi ni mo sọ ọ́ fún, mi ò sọ ọ́ fún ìwé. Àárín wa níbí lẹni yẹn wà, ó ti bímọ síbẹ̀. Má kọ orúkọ ẹ̀."

Mo ti fóònù bọ àpò. Mo dúpẹ́, mo gba ọ̀nà ilé.

Gbogbo ibi tí mo ti kọ ọ́ pé Bàbá Múfú ló ta ilẹ̀ ni mo pa rẹ́. Mi ò fi orúkọ kankan rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá jẹun nílé èèyàn ti di ọmọ ilé, ọmọ ilé kì í sì í tú àṣírí. Ẹ̀kọ́ náà dáa, àmọ́ ó wúwo jù fún mi. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe yín rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe é fún mi. Torí Múfú pè mí lánàá. Mo ní kì í ṣe bàbá rẹ̀. Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí. Ta wá ni?"