Àmì Inú Ẹ̀dọ̀fóró Ìyá Tìmùtìmù

Tìmùtìmù ni obìnrin kan ń rán, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ki òwú sínú wọn. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Tìmùtìmù. Ó ti pẹ́ tó ti ń wúkọ́. Bí òwú bá ń fò nínú ṣọ́ọ̀bù, á wúkọ́, á mu omi, á tún padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìgbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láìdúró mí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ́ ọ lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà tó ya fọ́tò àyà rẹ̀, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré, nàka sí àmì funfun kan nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, kí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n bá gbé fọ́tò náà lọ bá dókítà mìíràn, bàbá arúgbó kan. Ìyẹn ní àpá lásán ni, òwú ló fà á. Kí ẹnikẹ́ni má fọ̀bẹ kàn án, kí wọ́n tún un yà lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ń sunkún nínú ọkọ̀. Ìyá Tìmùtìmù wá ẹ̀rù nínú ara rẹ̀ títí, kò rí i. Àfi bí ẹni pé àyà ẹlòmíì ni wọ́n ń sọ.

"Màmá, ẹ sọ nǹkan kan. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?"

"Jẹ́ ká délé ná."

Lẹ́yìn náà ló padà lọ bá àwọn dókítà méjèèjì, ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ni ẹ máa rí tí ẹ máa fi yí ọ̀rọ̀ yín padà?"

Dókítà obìnrin náà ní bí àmì náà kò bá tóbi sí i. Bàbá arúgbó ní bó bá tóbi sí i. Ibẹ̀ nìkan lẹnu wọn ti pàdé. Ìyá Tìmùtìmù bá gbé òwú kíkì fún ẹlòmíì, ó ń rán èèpo tìmùtìmù nìkan, ó ń dúró.

Nígbà tí wọ́n tún fọ́tò náà yà, àmì náà ti tóbi sí i. Bàbá arúgbó fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n là á. Ìyá Tìmùtìmù tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ abẹ náà bí ẹni tó ń gba ẹrù ọjà.

Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tí wọ́n yọ wò, kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe àpá òwú. Ikọ́ ife ló ká ara rẹ̀ jọ síbẹ̀. Àwọn dókítà méjèèjì ni kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ìyá Tìmùtìmù ní tirẹ̀ béèrè omi.

Ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, èémí rẹ̀ sì ti já geere. Bí wọ́n bá béèrè àlàáfíà rẹ̀, á ní ara ti le. Ṣùgbọ́n ìdùnnú tí gbogbo ilé ń wá lójú rẹ̀, kò tíì dé.