Ìrìn Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Ibi Ìdúró

Wọ́n ní Àǹtí Fàúsátù gun kẹ̀kẹ́ láti Rochdale dé Eccles lẹ́ẹ̀mẹta láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Wọ́n ní orí kẹ̀kẹ́ ló ti jẹun, orí ẹ̀ náà ló ti sùn. Nígbà tí ìròyìn ọ̀hún fi máa dé Moss Side, àdúgbò wọn ní Manchester, bọ́ọ̀sì méjì ti yà fún un ní Princess Road, àwọn dírẹ́bà sì ti dọ̀bálẹ̀.

Obìnrin tí wọ́n ń sọ yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìtọ́jú arúgbó sì niṣẹ́ ẹ̀. Òun ló dá a lábàá pé kí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun lọ gun kẹ̀kẹ́ ní Sátidé, nítorí Mùíz tí wọ́n jọ ń gbélé. Mùíz ti parí ẹ̀kọ́ ẹ̀ ní yunifásítì, ó ń padà sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Yàrá àti láíbìrì nìkan ló mọ̀ ní gbogbo Manchester.

"Kò dáa kó lọ bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé," ni Àǹtí wí.

Ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tó gba Fallowfield kọjá ni wọ́n fẹ́ gbà. Wọ́n ti yọ irin ẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, mọ́tò kankan kì í gba ibẹ̀. Èèyàn mẹ́jọ ló ní àwọn ń bọ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp. Oyèmọ́lá, nọ́ọ̀sì tí kì í fi oúnjẹ ṣeré, béèrè pé, "Àǹtí, ibo la ti máa dúró jẹun?"

"A ò ní dúró."

"Omi ńkọ́?"

"Ẹ mu ún nílé."

"Tí ìtọ̀ bá wá ń gbọ̀n wá ńkọ́?"

Ẹ̀rù ba gbogbo wọn. Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹnìkan, wọ́n yí àkókò iṣẹ́ ẹlòmíì padà. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ku Oyèmọ́lá àti Mùíz. Mùíz wá kọ̀wé pé, "Ẹ má da ara yín láàmú, mà. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun Àǹtí. Ó pe gbogbo wọn sílé nírọ̀lẹ́ Ẹtì, ó ní òun din àkàrà. Kíá ni orúnkún tó ń dunni san.

Nígbà tí wọ́n jókòó tán, Àǹtí dìde.

"Rochdale kọ́. Alexandra Park tó wà nítòsí wa yìí ni. Lóòótọ́ ni mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹta láìdúró, àmọ́ kì í ṣe agbára. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìsẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ bàbá mi ga jù mí lọ. Abẹ́ ọ̀pá ẹ̀ ni mo ń ki ẹsẹ̀ gbà. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró dè mí lókè ọ̀hún, á dì mí mú. Mo mọ̀ ọ́n gùn, mo mọ̀ ọ́n yà. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀."

Oyèmọ́lá gbé àkàrà ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló wá dì yín mú ní Alexandra Park?"

"Bàbá òyìnbó kan tó mú ajá dání. Mo ké sí i nígbà àkọ́kọ́, ó juwọ́ sí mi. Nígbà kejì, ó pàtẹ́wọ́. Ìgbà kẹta ló tó yé e."

Mùíz rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ó yá, èmi á máa ṣíwájú. Ibi tí ebi bá ti ń pa Oyèmọ́lá, màá dúró dè yín níbẹ̀, màá dì yín mú."

"Ebi á pa mí lẹ́ẹ̀mẹrin," ni Oyèmọ́lá wí.

Gbogbo wọn nawọ́ pé àwọn ń bọ̀. Àǹtí fẹ́ jókòó, ó tún rántí nǹkan kan.

"Mi ò sì sùn lórí kẹ̀kẹ́ o. Mo kàn dijú ni, nígbà tí mo rí ajá yẹn níwájú mi."