Kósé Ẹ̀gbọ́n, Kásẹ́ẹ̀tì Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń gbé ní Rantya, ní Jos, kì í jẹ kósé láì kọ́kọ́ là á wò. Àkàrà lásán ni o! Ìyá Hausa tó ń dín in a máa rẹ́rìn-ín pé, "Haba Mallam, májèlé ni mo fi sí i?"

Lẹ́yìn ọdún 1980, ó ra kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún un fi kásẹ́ẹ̀tì kan kún un, pé ètò inú rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́ra. Ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ ka ètò náà, àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀lé. Ọkùnrin náà ní àṣírí iléeṣẹ́ ni.

"Ìkòkò tí ẹ ní kí n má ṣí, n kò ní jẹ ọbẹ̀ inú rẹ̀."

Ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà, ó jókòó, ó ń kọ ètò tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, olùkọ́, figbe ta: "Dádì, ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi kù sí dẹ̀dẹ̀!" Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ètò náà tó ṣiṣẹ́, tí ẹ̀rọ tẹ ìbéèrè jáde.

Èmi oníròyìn náà ní irú ẹ̀rọ yẹn, kásẹ́ẹ̀tì tèmi sì ti bàjẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ẹ̀dà tirẹ̀ wá sílé mi lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú bébà tó tẹ gbogbo ìlà ètò náà sí. Mo ju bébà sílẹ̀, mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n fa wáyà iná yọ.

"Oníròyìn! O ń béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ta ló jẹ́rìí mi fún ẹ?"

Mo mú bébà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Òun jókòó tì mí, ó ń la kósé tó rà bọ̀ wò.