Ọmọ Tó Ń Bọ́ Bàtà Lórí Ilẹ̀ Gbígbẹ

Kò, kò, kò. Bàbá náà fi ọ̀pá rẹ̀ lu òpó àpótí lẹ́tà ilé kẹta, ó dúró, ó wo ilẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ń ṣàn kọjá níbẹ̀. Ó ní, "Odò rèé. Bọ́ bàtà rẹ." Mo jókòó sí etí títì wa ní Redan, l'Amẹ́ríkà, mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo gbé gbogbo rẹ̀ lérí, mo sì rọra fi ẹsẹ̀ lásán kọjá lórí kọnkéré tí oòrùn ti yan gbẹ. Bàbá náà ká ṣòkòtò tirẹ̀ dé orúnkún. Ó ní omi náà tutù gan-an, pé láti ara yìnyín orí òkè ló ti ń wá. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń ta mí, síbẹ̀ mo ń gbọ̀n rìrì. Ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ náà á ní kí wọ́n bá mi wá súwẹ́tà.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, bàbá mi ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfuurufú ní ìhà College Park, kò sì sí ẹni tó ń wà nílé nígbà tí bọ́ọ̀sì iléèwé bá já mi sílẹ̀. Nínú ilé tó kọjú sí tiwa, bàbá arúgbó kan ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ Nepal ni wọ́n, láti abúlé kékeré kan lórí àwọn òkè Himalaya. Ọmọ rẹ̀ yìí ló bá ìyá mi ṣàdéhùn pé kí n máa wà lọ́dọ̀ bàbá títí ìyá mi á fi dé. Bàbá kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, èmi náà kò rí ẹni bá ṣeré. Bí àwa méjèèjì ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ó máa ń dé fìlà aláràbarà kan tó gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí àwọn bàbá tiwa náà ṣe ń gẹ fìlà. Atalẹ̀ ló máa ń rùn, àti òróró tó fi ń pa orúnkún. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò kún ọwọ́, èmi kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè tirẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti tán lẹ́nu wa, ọ̀pá rẹ̀ ló ń bá wa parí rẹ̀. Tí mo bá ti dé láti iléèwé, á fi ọmọ ọlọ kan gún atalẹ̀ nínú ife irin, pó, pó, pó, á dà á sínú tíì àti mílíìkì tó ń hó, á wá rọ ṣúgà sí i débi pé bí ìyá mi bá rí i, á figbe ta. Á rọ ọ́ sínú fúláàsì. Èmi á mú gúgúrú àti ẹ̀pà wá láti ilé wa. Lẹ́yìn náà, á mú ọ̀pá, a ó sì gbéra lọ sí abúlé rẹ̀.

Ojoojúmọ́ là ń lọ. Àpótí lẹ́tà ni odò. Ibi tí wọ́n ti gbé títì sókè kí ọkọ̀ má baà sáré ni òkè àkọ́kọ́, a sì gbọ́dọ̀ mí gúlegúle ká tó gùn ún tán. Irin pupa táwọn panápaná fi ń fa omi ni ẹnu ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin abúlé ti ń pọnmi, a máa ń kí wọn níbẹ̀. Àpótí iná mànàmáná aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ igi óákù ni ibi ìsinmi. Ó ṣàlàyé èyí fún mi dáadáa. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n máa ń to òkúta yí ìdí igi ńlá ká lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á tò ó dé ìbàdí èèyàn, kí ẹni tó pọn ẹrù sẹ́yìn lè fi ẹrù náà tì í kó sì sinmi láì sọ ọ́ kalẹ̀, láì wá ẹni tó máa bá a gbé e dìde. Ó ní òun fi ọwọ́ ara òun to ọ̀kan níbẹ̀. A ó fi ẹ̀yìn ti àpótí iná, a ó mu tíì, a ó jẹ gúgúrú.

Níbi tí àdúgbò wa parí sí, òkìtì koríko kékeré kan wà. Ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn rẹ̀ búlúù, àgbàdo sì wà lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n so rọ̀ kó lè gbẹ. Á na ọ̀pá sí ìkuukùu tó wà lókè òrùlé àwọn ilé tó wà lẹ́yìn tiwa, á ní, "Òkè funfun náà nìyẹn." Mo rí i. Mo búra fún yín, mo rí i.

Á wá ní, "Ọ̀nà tó rọrùn ni. Wákàtí méjì péré. Arúgbó tó gbé ife tíì dání lè gùn ún, kò ní dà nù."

Ìyá mi ló da gbogbo rẹ̀ rú, ó sì ṣe é tọkàntọkàn. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí kò lọ síbi iṣẹ́, ó dín àkàrà sínú abọ́ ńlá, ó ní ká lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó ń bá wa tọ́jú ọmọ. Ní tòótọ́, "Good afternoon, sir" lásán ni mo fi ń kí bàbá náà lójoojúmọ́, ojú sì ń ti ìyá mi pé ọmọ òun kò mọ̀ ọ́n kí. A bá a nínú ọgbà iwájú ilé wọn. Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Oya, kneel down, kúnlẹ̀ dáadáa kí o kí bàbá."

Mo kúnlẹ̀. Bàbá náà fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀. Ó di apá mi méjèèjì mú, ó gbé mi dìde nàró, ó ń mi orí, ó ń sọ èdè rẹ̀ wàràwàrà. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ ba pẹ̀lú gbogbo egungun tó ń dùn ún, ó sì fi iwájú orí kan ẹsẹ̀ mi. Bàbá tó tó bàbá ìyá mi.

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Àkàrà yí káàkiri inú koríko. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Bàbá, what is this? Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ mi?" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, àgbàlagbà kì í dojú bolẹ̀ fún ọmọdé. Èèwọ̀ ni. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń ṣépè ni, tàbí ó fẹ́ gbé orí ọmọ náà lọ. Ìyá mi gbé mi ká ẹ̀gbẹ́, ó sáré sọdá títì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi òróró àdúrà fọ ẹsẹ̀ mi láti orúnkún dé ọmọ ìka. Mò ń sunkún pé ẹsẹ̀ mi kò ṣe nǹkan kan. Ó ní, "Shut up! Mi ò gbọdọ̀ rí ẹ lẹ́nu ọ̀nà bàbá yẹn mọ́."

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń wá gbé mi ní iléèwé. Tí mo bá wà nílé, mo máa ń dúró lójú fèrèsé. Bàbá ṣì ń rìn. Kò, kò, kò, á lu àpótí lẹ́tà, á wo fèrèsé wa, á dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á ká ṣòkòtò, á dá kọjá odò.

Kò pẹ́ sí i tí ọmọ rẹ̀ fi fẹ́ mú un padà sílé, nítorí ara rẹ̀ kò gba ilẹ̀ yìí mọ́. Òwúrọ̀ Sunday ni, àwa ń wọ mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ń fi okùn di àpótí ẹrù. Bàbá dúró létí títì lọ́hùn-ún, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ níwájú àyà bí wọ́n ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wọn, ó ń wò mí, ó sì dúró. Ó ń dúró kí n dá a lóhùn ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wo ojú ìyá mi. Lẹ́yìn náà mo wo bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi, mi ò sì gbé orí sókè mọ́ títí ìyá mi fi tan mọ́tò. Èmi ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ìkíni láti ìgbà tí mo ti ń rákò, mi ò kí àgbà pé ó dìgbà. Ó dùn mí lọ́jọ́ náà, ó sì ń dùn mí títí mo fi di ìyá ọlọ́mọ.

Mo ti wà ní yunifásítì kí ìyá mi tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin Nepal kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pè é síbi ayẹyẹ ìgboyè ọmọbìnrin rẹ̀, ojú ìyá mi sì ni ọkùnrin náà ṣe tẹ̀ ba, tó forí kan ẹsẹ̀ ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀. Ìyá mi béèrè. Wọ́n ní nínú ìdílé tiwọn, ọmọbìnrin kì í forí balẹ̀ fún àgbà, àgbà ló ń forí balẹ̀ fún un, torí pé ohun mímọ́ ni ọmọbìnrin lójú wọn. Lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, kò tètè wọlé. Lẹ́yìn náà ni ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ọlá ni bàbá yẹn bù fún ẹ o. Èmi ni mo fi òróró nù ún kúrò."

Nígbà tí mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, mo wá ọmọ bàbá náà kàn. Ó ní bàbá ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n àbúrò bàbá tó jẹ́ obìnrin ṣì wà nínú ilé náà ní Nepal, òun á ránṣẹ́ sí wọn. Ìyá mi, tó ti ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Stockbridge báyìí, ní, "Tó o bá débẹ̀, call me. Aago yòówù kó jẹ́."

Níbi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí ní Nepal, ọmọ-ọmọ àbúrò bàbá náà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ti ń dúró dè mí. Ó fẹ́ júwe ọ̀nà, mo ní kó máa tẹ̀ lé mi. Odò ló kọ́kọ́ yọ, níbi tó yẹ kó wà gẹ́lẹ́. Wọ́n ti ṣe afárá sí i. Mo bọ́ bàtà, mo ká ṣòkòtò, mo gba inú omi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Ọ̀dọ́kùnrin náà dúró lórí afárá, ó ń wò mí bí ẹni tó ń ro ẹni tó yẹ kó pè. Omi náà tutù lóòótọ́. Òkè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin méjì wà níbẹ̀, mo sì kí wọn. Ibi ìsinmi wà lábẹ́ igi ńlá, òkúta rẹ̀ ti ń dán nítorí ẹ̀yìn àwọn èèyàn. Mo fi báàgì mi tì í, mo sunkún díẹ̀. Wákàtí méjì tí bàbá wí, wákàtí mẹ́rin ni mo fi rìn ín, mo sì ń làágùn. Ọ̀nà tó rọrùn! Bàbá yìí pa mí láyò.

Ilẹ̀kùn náà ti ṣá, ṣùgbọ́n búlúù ni. Àgbàdo wà lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá arúgbó kan jáde, ojú bàbá ló wà lórí rẹ̀. Ó wò mí títí, ó sọ̀rọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n ní ṣé ìwọ ni ọmọ tó ń bọ́ bàtà lórí ilẹ̀ gbígbẹ?"

Mo ní èmi ni. Ìyá náà ní kò sí ọdún tí ẹ̀gbọ́n òun kò sọ̀rọ̀ mi. Ó ní títí ó fi kú ló ń béèrè pé, kí ni òun fi ṣẹ ìyá ọmọ náà?

Ó bẹ̀rẹ̀, ó na orí sí ẹsẹ̀ mi. Gbogbo ara Yorùbá mi ní kí n fò sẹ́yìn, kí n kúnlẹ̀, kí n kọ́kọ́ dé ilẹ̀. Mo di ara mi mú. Mi ò fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Iwájú orí rẹ̀ gbóná lórí ẹsẹ̀ mi tí eruku ọ̀nà ti bò.

Mo pe ìyá mi. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Stockbridge, ó ti jí láti gbàdúrà. Mo kọ ojú fóònù sí ìyá arúgbó náà, mo sì sọ ohun tí bàbá ń béèrè títí tó fi kú. Ìyá mi gbé fóònù sílẹ̀. Àwòrán mì, kò sì sí nǹkan kan nínú fóònù mọ́ àfi fáànù òkè àjà. Ohùn rẹ̀ ń wá láti ìsàlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọn ò ṣẹ̀ mí o. Èmi ni mo ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ forí jì mí, mi ò mọ̀ ni."

Ìyá arúgbó náà béèrè ibi tí ìyá mi wọlẹ̀ sí. Mo ní ó ti kúnlẹ̀. Ó figbe ta, ó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe sọ ọ́ nínú ọgbà lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní, "Wọ́n ní kó dìde kíákíá. Wọ́n ní ọmọbìnrin ẹnì kan ni ìyá rẹ náà." Ìyá náà wá gbé fóònù náà, pẹ̀lú fáànù tó ń yí nínú rẹ̀, ó fi kan iwájú orí rẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ẹ sọ fún wọn pé mi ò lè dìde, orúnkún mi ti lock." A rẹ́rìn-ín, a sunkún. Ọmọ mi ló sáré wá gbé e dìde ní Stockbridge. Ìyá arúgbó náà da àgbàdo yíyan sí mi lọ́wọ́, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kọjú sí òkè funfun, mo jẹ ẹ́.

Báyìí, bí ọmọbìnrin kékeré bá kúnlẹ̀ kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń gbé e dìde, màá wá tẹrí ba fún un díẹ̀. Àwọn àǹtí kan ń sọ pé Amẹ́ríkà ti bà mí jẹ́. Mi ò bá wọn jiyàn. Dókítà ní kí ìyá mi máa rìn nítorí orúnkún rẹ̀, nítorí náà ó máa ń mú ọ̀pá, a sì máa ń jáde nírọ̀lẹ́, èmi á máa sọ ọ̀nà abúlé bàbá fún un. Lánàá, nígbà tí a dé àpótí lẹ́tà ilé kẹta, ó dúró, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ lu òpó náà. Kò, kò, kò. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sálúbàtà rẹ̀.