Jìtá Lẹ́yìn Àsùbáà

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó gbé jìtá lé itan. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń retí pé kí n mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ni mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, àwọn kẹ́ẹ̀gì òróró àti báfù ìfọṣọ. Èmi ni mo ń yẹ̀ wọ́n wò bí wọ́n ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, kí èyí tó bá jò tàbí tó wọ́ má baà dé ọjà. Dọ̀pẹ̀mú ni ilé wa, èmi àti ọkọ mi. Àwọn ọmọ ti wà nílé ìwé gíga, ìgbà ìsinmi nìkan la máa ń rí wọn.

Bàbá kan tó ń tún rédíò àti sìpíkà ṣe nítòsí ilé wa ló kọ́ mi. Mo gbé rédíò wa lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé kan, mo bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí lórí àpótí, tí wọ́n ń ta jìtá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ta lọ́jọ́ náà kì í ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rọra ń lọ, bí ẹni tó ń ti oko bọ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ru ẹrù òun. Mo gbàgbé rédíò. Mo béèrè irú orin tí í ṣe. Wọ́n ní búlúùsì ni, pé àwọn ọmọ àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ máa ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ní rárá, ó kàn wù mí ni.

"Ọmọdé ló ní àkókò," ni wọ́n wí. "Àgbà ló ní sùúrù. Bí o bá ti lè fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́, ìyẹn tó."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n bá mi wá jìtá àlòkù kan. Ní Sátidé, màá lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Láwọn ọjọ́ yòókù, màá jókòó sí pálọ̀ láàárọ̀ kùtù kí n tó múra iṣẹ́. Nígbà tó yá, orí ìka òsì mi le bí èékánná, mo sì lè yí kọ́ọ̀dù mẹ́ta tí búlúùsì ń lò, ìyẹn okùn mélòó kan tí a ń tẹ̀ pọ̀ kí wọ́n lè jọ dún, láì wo ọwọ́. Ọ̀nà tí orin náà ń gbà kò ṣòroó mọ̀. Á bẹ̀rẹ̀ nílé, á jáde síta, á padà wálé, á tún jáde lọ jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ, á sì tún wálé; àyípo kan nìyẹn. Mímọ̀ ọ́n kò le. Kí ẹsẹ̀ máa lu ilẹ̀ bákan náà nígbà tí ọwọ́ ń rin gbogbo ìrìn yẹn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Àárín ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Funfun ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì, ọkọ mi sì ti rí ilé ìwòsàn kan ní Ìkẹjà tí wọn yóò ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ojú kan ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe, wọ́n á dúró kó san kí wọ́n tó ṣe èkejì, nítorí náà wọ́n á pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Pálọ̀ la tẹ́ ibùsùn wọn sí, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ jù, ó sì sún mọ́ balùwẹ̀. Kí wọ́n tó dé, mo gbé jìtá mi sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Kò sẹ́ni tó ní kí n gbé e síbẹ̀. Mo kàn rò pé obìnrin tó ti lọ sí Mẹ́kà, tí tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, kò ní fẹ́ gbọ́ jìtá láàárọ̀. Ìyàwó ilé wo sì ni yóò jókòó ti ìyá ọkọ rẹ̀ tí ara wọn ò le, tí yóò máa ta jìtá? Mò ń se oúnjẹ, mò ń kán oògùn sí wọn lójú, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ní bí wọ́n bá padà lọ, èmi náà á padà sídìí rẹ̀.

Mo yọjú sí bàbá lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo gba jìtá wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, n kò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi ní kí n dúró. Wọ́n ní ọwọ́ mi ti rọ̀. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi. Wọ́n béèrè ohun tí màmá sọ nígbà tí mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn. Mo ní mi ò tíì tọrọ. Bàbá gba jìtá wọn, wọ́n padà sídìí sìpíkà tí wọ́n ń tún ṣe. Ọ̀rọ̀ ti tán, ó kù sọ́wọ́ mi.

Nígbà yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ojú àkọ́kọ́ fún ìyá ọkọ mi, tí mò ń pè ní Màámi, ni, báńdéèjì ṣì bò ó, èkejì ò sì ríran. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe kírun àsùbáà tán, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn. Mo sọ fún wọn pé mò ń kọ́ jìtá, pé irú àkókò yìí ni mo máa ń fi ṣe é, àti pé bí yóò bá dí wọn lọ́wọ́, màá ṣì fi í sílẹ̀ ná.

Wọ́n yíjú sí ibi tí ohùn mi ti ń wá. "Ṣé iṣẹ́ ni àbí eré?"

"Eré ni, Màámi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi ṣeré."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sínú, wọ́n ní kí n gbé e wá kí àwọn gbọ́ ọ. Mo jókòó, mo ta odindi àyípo kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo parí, wọ́n béèrè ẹni tó kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ní kí ló wá dé tó fi ń sunkún. Mo sọ ìwọ̀nba tí bàbá ti sọ fún mi, nípa àwọn tí wọ́n kó lọ àti iṣẹ́ oko òwú tí wọ́n fi wọ́n ṣe. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí n tún un ta. Lẹ́yìn àyípo kejì, wọ́n gbé tẹ̀sùbáà wọn sórí itan.

"Kò sunkún o, ìyàwó mi. Ó ń ráhùn ni. Ẹni tó ń ráhùn ṣì ń retí."

Kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ńṣe ni mo máa ń fajú ro bí mo bá ń ta á, bí ẹni tó wá kí olóòfọ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti tújú ká, ọwọ́ mi náà sì tú.

Ojoojúmọ́ ni mo wá ń ta á lẹ́yìn ìrun wọn. Lọ́jọ́ kan tí mò ń kán oògùn sí wọn lójú, ọwọ́ wọn kan orí ìka òsì mi, wọ́n ní kí ló ṣe mí. Kí n tó dáhùn, wọ́n ti ń wá òrí nínú báàgì wọn. Mo dúpẹ́, mo ní ṣùgbọ́n bí ìka náà bá rọ̀, okùn jìtá á máa gé mi. Líle yẹn gan-an ni mò ń wá. Inú wọn ò dùn. Òrí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pò ni, wọn kì í sì í fi lọ ẹni tí wọn ò fẹ́ràn. A jọ parí rẹ̀ sí pé kí n máa fi pa ọwọ́ ọ̀tún.

Ọ̀sẹ̀ kan wà tí ẹ̀rọ ńlá kan bàjẹ́ níbi iṣẹ́, tí kò sẹ́ni tó ń tètè délé nínú wa. Mo jí láàárọ̀ kan, ara mi wúwo, mo gba ilé ìdáná lọ tààrà. Mo gbọ́ ohùn wọn láti pálọ̀ pé jìtá ò tíì dún. Mo ní ó rẹ̀ mí. Wọ́n ní ó rẹ àwọn náà, àwọn sì kírun. Mo gbé ìkòkò omi sílẹ̀, mo lọ ta á. Àyípo kan péré, wọ́n ní ó tó, kí n lọ múra. Ọkọ mi bọ́ síta, ó ní kí n jẹ́ kí ìyá òun sinmi. Ìyá rẹ̀ ní bí ọmọ òun ló bá fẹ́ sùn, kó padà sí yàrá.

Bàìbàì ni ojú àkọ́kọ́ ṣì ń ríran títí wọ́n fi ṣe èkejì. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú kejì, tí a ti ilé ìwòsàn dé, jìtá ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n gbé wá. Wọ́n yí i síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n bẹjú wo inú ihò àárín rẹ̀ títí. Wọ́n ní ṣé nǹkan kékeré yìí náà ni. Ó dà bíi pé ohun tó tó ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń fi ọkàn rí láti ọjọ́ yìí.

Wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ààwẹ̀ tó wọlé. Pálọ̀ wá fẹ̀ lójú mi. Ọkàn mi kọ́kọ́ ń sọ pé nígbà tí kò ti sí ẹni tó ń gbọ́ mọ́, ọ̀lẹ á mú mi. Kò mú mi. Bí mo bá ti gbọ́ ìpè àsùbáà láti mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ẹsẹ̀ mi ti ń wá ilẹ̀, kó tó kan ọwọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan láìpẹ́ yìí, bàbá mú jìtá tiwọn, wọ́n ní kí n máa fi kọ́ọ̀dù di ìsàlẹ̀ mú, àwọn á máa fi ohùn tín-ín-rín rìn lókè. A ò jọ ta á bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn kọndọ́ ọkọ̀ èrò ń pe Abúlé Ẹ̀gbá lójú títì, jẹnẹrétọ̀ ẹni tó ń ta ẹja tútù ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tí a dé ibi tí orin ti ń lọ jìnnà jù, mo ṣi kọ́ọ̀dù kan fún òmíràn. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mo máa ń dúró kí n tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ náà ẹsẹ̀ mi ò dúró, ọwọ́ mi sì bá a níwájú. Bàbá ò tilẹ̀ yíjú. A lọ, a bọ̀, àìmọye ìgbà. Obìnrin kan tó wá gba rédíò rẹ̀ fara ti ilẹ̀kùn títí a fi parí, ó wá béèrè bóyá a máa ń bá èèyàn ta á níbi àpèjẹ.

Bàbá wò mí, wọ́n wo obìnrin náà. "Ó ku díẹ̀," ni wọ́n wí.

Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé ìyìn ńlá nìyẹn. N kò sì bínú pé ó ku díẹ̀, èmi náà mọ ohun tó kù. Bí a ṣe ń fi ìka fa okùn títí ohùn rẹ̀ á fi gòkè ni mò ń kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ìka àárín ti gbà. Èyí tó tẹ̀ lé e ò tíì gbà, á kàn máa gbọ̀n lórí okùn ni. Yóò gbà.